Sùlèímánì Kò Mu Ọtí

Bàbá Láwọ̀yín, ẹ jókòó. Yéjídé, aya mi, gbé àpótí fún wọn, má sì sọ fún mi mọ́ pé kí n sinmi. Ibi tí mò ń lọ, ìsinmi kò sí níbẹ̀ fún irú mi. Ikọ́ yìí ti jẹ mí tán. Bí mo bá tún pa ẹnu mọ́ di ọ̀la, ó lè jẹ́ òkú ni ẹ ó bá, òkú kì í sì í rojọ́. Bàbá, Sùlèímánì ọmọ yín, tí gbogbo Kábà ń pè ní ọ̀mùtí apànìyàn, kò fi ẹnu kan ọtí rí. Èmi Jethro tí ẹ ń wò yìí ni mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ mọ̀ pé àwa méjèèjì ni a ń wakọ̀ fún Ọ̀gá Thomas tó ń ra kọfí. Lọ́dún 1954 yẹn, ọkọ̀ dúdú rẹ̀ nìkan ló ní rédíò ní àdúgbò wa, bí ẹni ń tọ́jú ìkókó ni ọ̀gá sì ń tọ́jú rẹ̀. Ó lọ sí Kàdúná, àna mi àgbà bá kú ní Ayewa, nílẹ̀ Bùnù. Mo gbé ọkọ̀ láìgba àṣẹ, nítorí mo fẹ́ kí àwọn àna mi rí mi. Orí wọn sì wú! Wọ́n mú aṣọ pupa wá, èyí tí àwọn obìnrin Bùnù ń hun fún ìsìnkú àgbà, wọ́n ní kí àwọn so ó mọ́ ọ̀pá tí rédíò fi ń gba ohùn, èyí tó wà níwájú ọkọ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé òkú àgbà là ń sin. Èmi òmùgọ̀ ní kí wọ́n so ó. Ẹ mọ bí aṣọ yẹn ṣe wúwo tó. A kò tíì yí ìlú ká tán tí atẹ́gùn fi fẹ́ ẹ, ọ̀pá náà sì kán sí méjì.

Bí ọ̀gá bá dé bá a bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Sùlèímánì ní, "Jethro, sọ òótọ́ fún ọ̀gá. Èmi á bá ọ bẹ̀ wọ́n." Mo ní, "Òótọ́ kẹ̀? Ṣé orí mi dàrú ni?" Mo lọ yọ ọ̀pá mìíràn, tòun ti wáyà rẹ̀, lára ọkọ̀ àlejò kan tó bàjẹ́, tí wọ́n pa tì ní Ògìdì. Mo fi sípánà tú kùkùté èyí tó kán, mo ki tuntun bọ ojú ihò rẹ̀, mo ti wáyà náà wọ inú ọkọ̀, mo fi ẹnu rẹ̀ bọ ẹ̀yìn rédíò. Rédíò sọ̀rọ̀ ketekete! Mo jó. Ṣùgbọ́n wáyà yẹn gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irin ló yẹ kí n fi kan èyí tó ṣẹ́ kù mọ́ òkè, níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ kò lè dé. Òwú ni mo fi so ó, mo ní ó ti tó. Ọ̀lẹ ni mí, Bàbá, mo sì tún gbéra ga. Lọ́jọ́ kejì Sùlèímánì wa ọkọ̀ lọ sọ́jà, ó padà wá bá mi: "Wáyà rẹ yìí ti ń rọ̀ wálẹ̀ o. Ó ń kan ẹsẹ̀ mi. Tún un so dáadáa." Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, n kò kàn ṣe é ni.

Ọ̀gá dé, kò fura. Ó rán àwa méjèèjì pé kí a gbé ọtí ọkà bàbà lọ sí ìlú Ìffé, ìtòsí wa níbí, fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbéyàwó. Sùlèímánì ló ń wakọ̀, èmi gbé agbè ọtí lé ẹsẹ̀. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí n má mu ún tán kí a tó dé ilé ìyàwó. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a fi ń wọ ìlú, Ọmọ́yẹlé tó ń ta iyọ̀ ń kọjá lójú ọ̀nà tòun ti ẹrù lórí. Sùlèímánì tẹ búréèkì. Búréèkì kò wọlẹ̀. Ó figbe ta, "Jethro, wáyà! Wáyà rẹ!" Kò tíì pa ẹnu dé tí a fi gbá obìnrin náà, tí a sì lọ forí sọ igi.

Nígbà tí iyè mi sọ, Ọmọ́yẹlé ti kú. Sùlèímánì dákú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí rẹ̀. Mo wo ibi ẹsẹ̀ rẹ̀, wáyà mi ti lọ́ mọ́ abẹ́ búréèkì. Ó yẹ kí n sáré wá omi fún ọ̀rẹ́ mi. Ìkà ni mí! Wáyà ni mo kọ́kọ́ tú, mo tì í padà sókè. Agbè ti fọ́, ṣùgbọ́n ọtí ṣì kù nínú àkúfọ́ rẹ̀. Mo dà á sí Sùlèímánì láyà, mo fi ra á lẹ́nu, ẹnu tó fi ń kírun. Òórùn ọtí ló pàdé àwọn ọlọ́pàá. Mo ní, "Mo kìlọ̀ fún un títí, kò gbọ́."

Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n. Igi tó forí sọ kò jẹ́ kó rántí ohunkóhun, títí kan ọ̀rọ̀ wáyà. Ẹ̀yin náà, Bàbá, ẹ ní ẹ kò bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Sùlèímánì. N kò bá yín wí, irọ́ mi lẹ gbà gbọ́. Nígbà tó jáde, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá. Ó ti rù hangogo. Ó kí mi bí àwa ará ibí ṣe ń kíra wa, ó ní, "Òkun o, Jethro." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ìwọ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ti ronú títí, n kò rántí. Àwọn kan ń tù mí nínú pé n kò mu ún. Ọ̀rẹ́ mi, ṣé mo mutí lóòótọ́? Bí n kò bá mu ún, mo fẹ́ lọ sọ fún bàbá mi." Yéè! Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ló bà mí. Mo ní, "O mu ún, Sùlèímánì. O mu ún yó."

Ilẹ̀ Haúsá ló gbà lọ. Àwọn kan ní Sàríà ló wà, àwọn kan ní Kánò. Mo ti bẹ àwọn awakọ̀ títí, ẹnikẹ́ni kò rí i. Bóyá ó ti kú, tó ń ru ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá lọ. Bàbá, n kò lẹ́nu láti ní kí ẹ dárí jì mí. Ohun tí mò ń bẹ̀ ni pé kí ẹ wí i ní mọ́sáláṣí, lójú gbogbo ènìyàn, kí àwọn oníṣòwò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbikíbi tí ẹsẹ̀ wọn bá dé, pé Sùlèímánì kò mu ọtí. Bó bá wà láyé, kó gbọ́.

Ẹ ní kí ni Sùlèímánì wí nígbà tí mo ní ó mu ún? Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bi mí ní nǹkan mìíràn. Yéjídé, má dá wọn dúró, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, Bàbá. Ó ń sunkún. Ó ní, "O ṣeun, Jethro. Ìwọ nìkan ni kò purọ́ fún mi."