Jímọ̀ Tí Wọn Ò Pè É

Níbi omi àlùwàlá ní Ìta Fàájì ni mo ti gbọ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fáwọn lọ́yà, tó ń sọ fún ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ pé:

“Kò sí Jímọ̀ tí wọn kì í pè mí kí n wá tẹ páásìwọọ̀dù mi sí kọ̀ǹpútà wọn. Mo ti ṣí i sílẹ̀ fún wọn, ọ̀gá. Ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lè gbé dráífà, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba ìntánẹ́ẹ̀tì, sí i fúnra ẹ̀. Ìyẹn nìkan ni o.”

Ọ̀gá ẹ̀ gbé bútà sílẹ̀.

“Yéè! Dráífà lo pè ní nìkan? Ẹni tó bá bá dráífà wọlé, ọ̀gá ni lórí ìwọ gan-an nínú kọ̀ǹpútà yẹn, o ò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Gbogbo fáìlì ẹjọ́ wọn ńkọ́?”

Ọmọ náà wo fóònù ẹ̀.

“Ọ̀gá, Jímọ̀ lòní, wọn ò sì tíì pè mí látàárọ̀.”