Ẹni Tí Mo Rí Lábẹ́ Ilé Tí Mo Fẹ́ Rà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ mọ̀ pé èmi kì í sábà dìde sọ̀rọ̀ nínú ìjọ yìí. Bí ẹlòmíràn bá ń jẹ́rìí, ọkàn mi a máa bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Nítorí náà, mo ti wo ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn kí n tó gbé e wá síwájú yín. Ohun tí mo rí, màá sọ pé mo rí i. Ohun tí mo kàn rò, màá sọ pé mo rò ó ni. Bóyá ọ̀run gan-an ni wọ́n mú mi lọ, bóyá òjìji rẹ̀ ni wọ́n fi hàn mí, mi ò lè búra. Ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀ nìkan ni mo lè búra sí.

Kẹ́mi ló kọ́kọ́ ra ilé. Kẹ́mi ni ọmọ Bàbá Kékeré, Bàbá Kékeré sì ni àbúrò bàbá mi. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ló gbà mí tọ́, òun ló sì rán èmi àti Kẹ́mi lọ sí yunifásítì. Kò lówó. Oko kòkó rẹ̀ ló fi dógò lọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní abúlé wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti oko kòkó wá mọ bó ṣe máa ń rí: ẹni tó yá ọ lówó ni yóò máa ká kòkó náà lọ́dọọdún, títí ìwọ yóò fi dá owó rẹ̀ padà ní odindi. Kòkó tó ń ká kò dín owó náà kù. Bàbá Kékeré sì wá di ẹni tó ń gba iṣẹ́ ṣe nínú oko ara rẹ̀. Àdéhùn ni pé bí èmi àti Kẹ́mi bá ti rí iṣẹ́, a ó jọ gba oko náà sílẹ̀, kí Kẹ́mi san ìdajì owó náà, kí èmi náà san ìdajì. Kò sí ìwé kankan. Ẹnu la fi sọ ọ́, níwájú àwọn àgbà ẹbí. Lóṣooṣù ni mo ń fi tèmi ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré, kó máa kó o jọ.

Àbúrò mi ni Kẹ́mi. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò. Owó oṣù rẹ̀ kò tó tèmi. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé báǹkì yá a lówó, ó sì fi ra ilé, mo kí i kú oríire lórí fóònù, mo wọ yàrá, mo sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ra mi. Mi ò lọ síbi ìṣílé. Mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó rẹ̀ lórí: báǹkì kò lè yá a lówó ilé bí ó bá sọ fún wọn pé òun ń san owó oko. Mo parí rẹ̀ lọ́kàn mi pé irọ́ ló pa. Mo rò ó ni o. Mi ò bi í.

Èmi náà lọ sí báǹkì. Ilé tí mo yàn ní yàrá mẹ́ta, ó sì ní gèétì tí wọ́n kùn ní dúdú. Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ mi dára púpọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ṣé ẹ ń jẹ ẹnikẹ́ni lówó? Mi ò sọ ti báǹkì nìkan o. Ẹbí, ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́. Owó tó ń jáde lọ́wọ́ yín lóṣooṣù la fẹ́ mọ̀." Mo ní kó jẹ́ kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó pàtẹ́wọ́.

"Gbèsè wo? Owó ẹbí ń jẹ́ gbèsè? Ṣé wàá lọ jókòó níwájú ọmọ ọlọ́mọ, kí o máa rò fún un pé bàbá tó tọ́ ọ fi oko dógò?"

"Màámi, owó tó ń jáde lápò mi ńkọ́?"

"Dá a dúró ná. Bàbá Kékeré á pa ọ́ ni? Ẹbí ni, kò ní bínú. Ṣebí Kẹ́mi wà nínú ilé tiẹ̀, ṣé ó kú?"

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló wọ̀ mí lára.

Ní Sátidé, mo gbààwẹ̀. Lọ́sàn-án, mo kúnlẹ̀ lórí ẹní mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ àdúrà náà bí mo ṣe gbà á: "Olúwa, bí Kẹ́mi bá parọ́, tí o kò sì bi í, má ṣe bi èmi náà." Mo ṣe àmín. Mo gbórí lé apá, oorun sì gbé mi lọ.

Mo rí ìyá gíga kan lẹ́bàá ẹní mi. Ó ká ìró rẹ̀ sókè orúnkún bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá. Mi ò mọ̀ ọ́n rí.

"Dìde, Bísí. O béèrè ọ̀rọ̀."

"Ta ni yín, Mà?"

"Ẹni tí wọ́n rán sí ọ ni mí. Tẹ̀ lé mi. Má jókòó níbikíbi tí wọ́n bá ti fi ìjókòó lọ̀ ọ́."

A gba ọ̀nà pupa kan tí kò ní koríko. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ta mí lójú bí èéfín ata. Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí ni ọkùnrin kan tó jókòó ti òkìtì kòkó. Ó ń fi ọwọ́ lásán pa á. Ẹyín iná ló wà nínú kòkó kọ̀ọ̀kan ní ipò èso, ó sì ń lá a, ó ń sunkún, ọwọ́ rẹ̀ sì ń wá òmíràn.

Ìyá náà ní, "Ó ká kòkó opó kan títí owó rẹ̀ fi padà wá lọ́nà púpọ̀. Kò sọ fún un rí pé ó tó."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣílẹ̀kùn a wo ojú wọn, a ní, "Ta lẹ̀ ń wá?" a sì ti ìlẹ̀kùn padà. Wọ́n ń pariwo pé, "Èmi ni! Ilé mi nìyí!" Ẹ̀jẹ̀ ti bo ẹ̀yìn ọwọ́ wọn.

"Àwọn panṣágà," ni ìyá náà wí. "Wọ́n da ilé ẹlòmíràn rú. Kò sí ilé tó mọ̀ wọ́n mọ́."

Ìgbà náà la dé àdúgbò kan tó lẹ́wà. Mo sọ pé ó lẹ́wà nítorí pé ojú mi kọ́kọ́ ṣìnà. Gbogbo ilé ibẹ̀ ló jẹ́ tuntun, òrùlé wọn ń dán. Mo na ọwọ́ sí ògiri kan, mo sì yọ ọ́ kíákíá, nítorí ó gbóná bí ìkòkò tó wà lórí ààrò. Àwọn tó wà nínú ilé ń sáré láti yàrá dé yàrá, ẹsẹ̀ wọn kò lè dúró lójú kan. Ohùn kan ń bi wọ́n láti inú ilẹ̀ pé, "Ta ló wà lábẹ́ ilé yìí?" Gbogbo wọn ń dáhùn pé, "Kò sí."

Obìnrin kan rí mi lójú fèrèsé. Ó ń tọ́ka sí ẹnu rẹ̀, ètè rẹ̀ ti bẹ́. Mo mọ̀ pé omi ló ń fẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Kò sí, kò sí, kò sí."

"Kí ló dé tí kò béèrè omi?"

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wọn. Òun ni wọ́n fi gba ilé."

Ẹ̀yin ará, ó yẹ kí n bẹ̀rù. Ohun tí mo ṣe ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú láti fèrèsé kan dé òmíràn.

"Ta lò ń wá?" ni ìyá náà bi mí.

"Kẹ́mi, Mà."

"Kẹ́mi kò tíì kú."

"Mo mọ̀, Mà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti fi yàrá pamọ́ dè é."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò dùn-ún gbọ́. Ó ní, "Ọmọ yunifásítì! Wọ́n mú ọ wá wo iná, àyè ẹlòmíràn lò ń wọ̀n. Ó dára. Wá wo àyè rẹ."

Ó mú mi dé ìdí ògiri ọgbà kan tí ojú mi kò rí òpin rẹ̀. Àwọn ènìyàn tò sí i lọ rẹrẹẹrẹ, ìgbọ̀nwọ́ wọn wà lórí rẹ̀, ọrùn wọn sì nà bí ti lékelèéké. Wọn kò ṣẹ́jú. Iná ń jó wọn láti ẹ̀yìn, aṣọ wọn ti jó tán, awọ ẹ̀yìn wọn ń bó, kò sì sí ẹni tó yíjú padà.

"Kí ni wọ́n ń wò, Mà?"

"Ìsinmi ẹlòmíràn."

"Ṣé wọn ò mọ̀ pé iná ń jó wọn ni?"

"Wọ́n mọ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àwọn bá yíjú, nǹkan rere kan lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí àwọn ń wò, kí àwọn má rí i."

Ọkùnrin kan nínú wọn sún díẹ̀, kò sì gbójú kúrò ní ọ̀ọ́kán. Ó ní, "Àǹtí, ẹ káàbọ̀ o. Ó ti pẹ́ tá a ti ń retí yín. Ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ yín síbí, a ti bá yín nù ún." Mo wo ibi tó fi hàn mí. Ó ti dán. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi gbé ìgbọ̀nwọ́ mi lé e, ó sì bá a mu rẹ́gí, bí ẹni pé ibẹ̀ ni mo ti ń dúró láti ọjọ́ tí Kẹ́mi ti ra ilé.

Mo wo òdìkejì. Òjìji àwọn igi ńláńlá bo ilẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin kan ń di irun ọmọ rẹ̀, kò kánjú. Àgbà ọkùnrin kan sùn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síta. Àwọn ilé wọn kò tóbi, kò sì sí gèétì. Mo rí bàbá mi lórí àga pákó kan, ara rẹ̀ dá pé, ikọ́ tó pa á kò sí mọ́. Mo ké pè é. Ó dìde, ó wá bá mi létí ọgbà. Mo rò pé yóò gbá mi mọ́ra.

Ó ní, "Bísí, ilé ta ni mo gbọ́ pé o fẹ́ gbé lé àbúrò mi lórí?"

"Bàbá mi, owó ẹbí ni."

"Èmi ni mo fi ọ́ fún un," ni bàbá mi wí. "Mi ò fi òun fún ọ."

Bí ó ti wí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ yà lábẹ́ mi, mo já bọ́ sínú pálọ̀ kan, mo mọ pálọ̀ náà, mo mọ gèétì dúdú tí mo ń rí lójú fèrèsé, ilé mi ni, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń gbóná sí i, mo sáré wọ yàrá àkọ́kọ́, ó gbóná, mo sáré wọ èkejì, ó gbóná jù ú lọ, mo wolẹ̀, táìlì ibẹ̀ sì mọ́ gaara bí omi, mo rí Bàbá Kékeré lábẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó yíjú sí mi, gbogbo ìpìlẹ̀ ilé náà wà lórí èjìká rẹ̀, àdá tó fi ń roko ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn náà sì dé, ó ní "Ta ló wà lábẹ́ ilé yìí?", mo ya ẹnu kí n dárúkọ rẹ̀, orúkọ náà wà lọ́kàn mi, mo mọ̀ ọ́n, mo ti ń pè é láti kékeré, ahọ́n mi wúwo, ahọ́n mi yí, ahọ́n mi ní "Kò s—"

Mo jí. Orúkọ Bàbá Kékeré ni mo ń ké, ìyá mi sì ti sáré wọlé pẹ̀lú omi nínú ife.

Bí mo ṣe ń mí gúlegúle, mo ronú pé ìyá inú ìran náà kò sọ fún mi bóyá Kẹ́mi parọ́ tàbí kò parọ́. Mo gbé fóònù.

"Kẹ́mi, ṣé o sọ ọ̀rọ̀ oko fún báǹkì?"

"Àǹtí Bísí, ẹ káàsán náà o. Kò tiẹ̀ sí 'ṣé àlàáfíà ni'?"

"Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn."

"Mo sọ fún wọn. Wọ́n gé owó náà wálẹ̀ ni. Ẹ ò bá ti rí i ká ní ẹ wá síbi ìṣílé. Yàrá kan àti pálọ̀ ni. Bí òjò bá rọ̀, ọlọ́kadà kì í gbà láti wọ àdúgbò wa, ńṣe là ń bọ́ bàtà sọ́wọ́."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí. Ẹ rò pé mi ò mọ̀ pé inú ń bí yín sí mi?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Nígbà tó ní yàrá kan ni, inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí! Ìtìjú kò dé àfi lẹ́yìn ìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún obìnrin báǹkì. Ó ní ilé tí mo yàn kò lè ṣeé ṣe. Kí n mú èyí tó kéré, tàbí kí n dúró títí a ó fi gba oko sílẹ̀. Mo ní màá dúró. Ìyá mi ṣì ń fajú ro títí di òní. Kẹ́mi ní ilé, èmi ṣì ń san owó háyà, owú sì ṣì máa ń jẹ mí bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Mò ń gbàdúrà sí i. Mi ò lè ní ó ti tán.

Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún yín bí wọ́n ṣe kìlọ̀ fún mi. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó wọnú ilé tuntun, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó gbé e dúró. Ẹ má ṣe sọ pé ẹbí ni, kò ní bínú. Mo rí ojú Bàbá Kékeré lábẹ́ táìlì yẹn. Kò bínú. Ó kàn ń rọra mí, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilé mi mì. Òun ló bà mí lẹ́rù ju iná lọ.