Àga tí Alága Fi Sílẹ̀

Lórí ìlà ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdò, láàárọ̀ Ọjọ́rú, bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì nílé iṣẹ́ irin àti ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sweden dé ń sọ̀rọ̀ níwájú mi.

"Bàbá, alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa lọ́hùn-ún ti di mínísítà. Iṣẹ́ wẹ́dà la jọ ń ṣe tẹ́lẹ̀."

Bàbá ò béèrè orúkọ rẹ̀. "Ta ló wá jókòó sórí àga tó fi sílẹ̀?"

"Obìnrin kan ni, sà. Òun ló kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí i ní ọ́fíìsì tuntun, pé òfin tó fẹ́ ṣe ò tẹ́ àwa òṣìṣẹ́ lọ́rùn."

"Inú ò bí i?"

"Rárá, sà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ obìnrin náà bí wọ́n ṣe ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìjọba mú alága tiwa náà ṣe kọmíṣánnà nígbà kan. A háyà bọ́ọ̀sì, a kọrin dé ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wá ń lé èèyàn dànù, a péjọ, a kàn ń wojú ara wa ni. Gbogbo wa la sìn ín lọ, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó kù sílé."

Ọkọ̀ dé, wọ́n pín jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi fún wa. Mo wọ tèmi lé ẹ̀wù tí wọ́n tẹ fọ́tò alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwa sí láyà. Ọjọ́ náà ni gómìnà fẹ́ búra fún un gẹ́gẹ́ bíi kọmíṣánnà, èmi náà sì ń lọ sìn ín.