Orí Mi Tí Ìyá Rábì Fọwọ́ Kàn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti pé ọdún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi, n kì bá sì sọ ọ́ láéláé bí kì í bá ṣe ohun tí ìyá mi fẹ́ lọ ṣe ní àdúgbò Nima lọ́jọ́ Sátidé. Inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí ìyá mi, inú ń bí mi sí pásítọ̀ wa, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni ó wù mí kí n gbá létí jù.

Báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Accra níbí. Ọ̀gá mi ní bí mo bá yege nínú ìdánwò àbáwọlé ilé-ẹ̀kọ́ okòwò, báǹkì máa rán mi lọ kàwé. Màámi ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó ṣèdánwò rárá.

Ìyá Rábì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Dansoman láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó kì mí títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ní, "Àkànkẹ́, orí ẹ ò ní kọ̀ ẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, òtítọ́ rè é. Mi ò kàwé. Mo ra ìwé jọ, fíìmù ni mò ń wò. Gbogbo ìgbà tí mo dán ara mi wò nílé ni mo fìdí rẹmi, mo sì ń sọ fún wọn pé ó ń lọ dáadáa. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí àkókò fẹ́ tán, ìdáhùn tí ojú mi bá ṣáà ti bà lé ni mò ń tẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni kọ̀ǹpútà gbé máàkì mi jáde. Ìtìjú gbáà ni.

Nígbà tí màámi bi mí léèrè, mo ní ṣe ni orí mi ṣàdédé ṣófo, bíi pé ẹnì kan kó gbogbo ohun tí mo kà lọ. Irọ́ pọ́ńbélé! Màámi wò mí. Ó ní, "Ta ló fọwọ́ kàn ẹ́ lórí láàárọ̀?"

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Mo ní Ìyá Rábì ni.

Pásítọ̀ ò wádìí kankan. Ó ní wọ́n ti gba ìràwọ̀ mi. Màámi ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀? Wọ́n kó ẹrù ìyá arúgbó síta. Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ màámi, "Mẹ́ pa wo chẹw, mo bẹ̀ ẹ́, ìyàwó mi, kí ni mo ṣe?" Àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀! Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé, mò ń wò ó títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ háyà yàrá ní Nima.

Lóṣù tó kọjá mo tún ìdánwò náà ṣe. Òróró pásítọ̀ nìkan ló kan orí mi lọ́tẹ̀ yìí. Máàkì mi tún wálẹ̀ sí i. Ta wá ni kí wọ́n lé jáde báyìí, òróró? Màámi ní ọwọ́ Ìyá Rábì ló gùn dé ọ̀dọ̀ wa láti Nima. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti ẹgbẹ́ aládùúrà máa lọ sọ fún onílé Ìyá Rábì irú ẹni tó gbà sílé.

Lánàá ni Ìyá Rábì pè mí. Wọ́n ti sọ fún un pé mo tún ìdánwò ṣe. Ó ní, "Àkànkẹ́, ṣé orí gbè ẹ́? Mi ò kì ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí o. Bóyá ọwọ́ mi ò dáa lóòótọ́. Mi ò fi kan ọmọ ọlọ́mọ lórí mọ́."

Mo pa fóònù, mo sì ń sunkún bí ọmọdé.

Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún màámi kó tó di Sátidé, kódà bó bá máa lé èmi náà síta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, èyí tí mi ò mọ̀ ni mò ń bi yín: kí ni mo máa sọ fún Ìyá Rábì kó tó lè gbé ọwọ́ yẹn lé mi lórí padà?