Zero Tí A Gbààwẹ̀ Sí Tí Kò Lọ

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ẹ̀yin ará. Èmi ni Táyọ̀, tí mo máa ń wà nídìí mixer ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń hó sí yín létí. Mo ti jáde SHS, ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, àmọ́ mathematics ò jẹ́ kí n jáde dáadáa: F9 ni mo gbà. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín, ẹ̀rí àǹtí mi ni mo wá jẹ́.

Ẹ mọ Sister Bọ́lá, tó ń kàwé ní yunifásítì. Àwọn ṣọ́ọ̀bù spare parts ní Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì, ló fi ṣe project. Ó gba iye ọjà tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń tà, ọdún dé ọdún, kó lè mọ̀ bóyá àwọn tó ń polówó lórí WhatsApp ń tà jù. Panel data ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Ni Prof ẹ̀ bá ní, “Bọ́lá, ka fixed effects test yẹn, kí o sọ ohun tó ń wí. Bí o ò bá lè sọ ọ́, má wá defend ní Friday.”

Ẹ̀rù ba àǹtí mi débi pé ó gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó ní, “Táyọ̀, ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà, bá mi wò ó.” Mo wò ó. P-value tó wà nísàlẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ èsì test náà, 0.000. Èmi tí mo ti ń gba zero láti class one, ta ló tún fẹ́ kọ́ mi ní zero? Mo ní, “Àǹtí, wọ́n ti gbé òdo fún ẹ.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò fọwọ́ kan kenkey tí Màmá wa rà fún un pé kó jẹ. Ilé wa ní Krofrom wá dà bí ilé òkú.

Ìyá Àdúrà kó àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà wá. A gbààwẹ̀, a da òróró sórí laptop, a ní kí zero tó jókòó sórí ayé Bọ́lá dìde. Òróró wọ keyboard, “e” ò tẹ̀ mọ́. Mo tún test yẹn ṣe: 0.000. A tún gbààwẹ̀. 0.000.

Bọ́lá ní, “Táyọ̀, fi í sílẹ̀. Ọlọ́run ti dáhùn, ó ní rárá.” Ó ń ká aṣọ ẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun ń padà sọ́dọ̀ Màmá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá ò dá a dúró. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, torí ibẹ̀ nìkan ni wọn ò ti ń sunkún. Mo ní, “Awurade, Olúwa mi, mi ò mọ ohun tí mò ń tọrọ mọ́.” Ibẹ̀ ló ti sọ sí mi lọ́kàn pé nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó bi Prof pé kí ni zero yìí ṣe. Mo gbé fóònù Bọ́lá, mo fi voice note ránṣẹ́ sí i.

Prof rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, “Ta ló ní ó burú? Ká ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù jọra ni, agbára káká lẹ fi máa rí irú zero yìí. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní ohun tiẹ̀ tí kì í yí padà. Èyí wà létí títì, èyí jogún oníbàárà bàbá ẹ̀. Ẹ má kó wọn pọ̀ sójú kan. Fixed effects ni kí ẹ lò. Iṣẹ́ ẹ̀ dáa paa.”

Bọ́lá tún bú sẹ́kún, àmọ́ ẹkún yẹn ló fi ń béèrè kenkey ẹ̀. Ní Friday, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í nìyẹn gan-an. Ó yege.

Ẹ̀yin ará, ká ní Ọlọ́run gba àdúrà wa, tí zero yẹn lọ, ó ti bà jẹ́ fún wa nìyẹn. Ẹ bá wa yọ̀, kí ẹ yin Ẹni tó gbọ́ ariwo wa tí kò dá wa lóhùn.

Ní ti F9 tèmi, mo ti kọ́kọ́ bi olùkọ́ mi. Ó ní ìyẹn burú lóòótọ́. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.