Èmi Tí Mo Jókòó Sẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Àna Mi

Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń pè mí ní Ẹsẹ̀ Irin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí síbí. Irin kankan ò sí lára mi. Ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ ṣòkòtò yìí, ẹsẹ̀ ọ̀lẹ ni, òun náà sì mọ ara rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ títí tó fi fẹ́ pa ẹni ẹlẹ́ni, mi ò lè gbé e mì mọ́. Ẹ fìdí balẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe fún àna mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni mò ń wí, káfíńtà tí gbogbo àdúgbò mọ̀, ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá gbé pákó léjìká, pákó ló máa rẹ̀. Bó bá ti di Sátidé, kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wọ inú igbó, lórí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ tó gba àárín igi kọjá, tó yí adágún kan po, tó já sí abúlé kan, kó tó tún wọ igbó míì. Lọ́jọ́ kan ó ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni-méjì, èyí tí ìjókòó kan wà níwájú, tí ọ̀kan wà lẹ́yìn, ó sì gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Télọ̀, ìwọ ni mo yàn. Mo rò ó títí, mi ò rí ẹlòmíì. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ wa maṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni kẹ̀kẹ́ fẹ́ fi í ṣe?"

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti so mọ́tò iná kékeré mọ́ maṣíìnì mi, òun ló ń yí i. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ mi ń ṣe kò ju ti ẹni tó rọra tẹ èèrà lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, kó sọ pé ọ̀lẹ lòun? Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, a jọ ń lọ ni." Òmùgọ̀ èèyàn lèmi!

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo wà á dáadáa, Ọlọ́run lẹ́rìí mi, títí a fi dé òkè àkọ́kọ́. Òkúta ń ta lábẹ́ táyà, itan mi ń jó mi bí iná, ẹ̀mí mi fẹ́ bọ́. Ni mo bá dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ kí n lè mí. Ìgbà náà ni mo rí i pé ṣéènì ló so ibi tí ẹni iwájú ń fẹsẹ̀ tẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹni ẹ̀yìn. Bí ẹni iwájú bá ti ń wà á, ẹsẹ̀ ẹni ẹ̀yìn á máa yí lọ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè mọ̀, àfi Ọlọ́run àti itan ẹni iwájú. Láti ọjọ́ náà mi ò wa kẹ̀kẹ́ mọ́, mo kàn ń jókòó ni. Àwọn àgbà ní ẹni a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé òkè ga.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí mo ṣe gbádùn ayé mi. Ẹ̀gbọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ níwájú, síbẹ̀ á máa fi igi hàn mí. "Télọ̀, wo ìyẹn! Ìyẹn ló dára fún ilẹ̀kùn. Èyí tó fajú ro yẹn, kì í gba ìṣó." Èmi á fi ohùn tútù dáhùn, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n," màá sì máa wo àwọn ẹyẹ lórí adágún. Bí a bá dé abúlé etí omi, níbi tí ìyá kan ti ń ta ohun mímu lábẹ́ páànù, Ẹ̀gbọ́n á nà gbalaja sórí bẹ́ǹṣì, òógùn á máa kán tótó lára rẹ̀. Ìyá náà wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọkùnrin yìí ò tiẹ̀ làágùn! Irú ẹsẹ̀ wo rèé? Ẹsẹ̀ irin ni!" Ibẹ̀ lorúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí a bá ti dé, màá yọ́ lọ sétí adágún, màá bu omi sójú àti sí ọrùn ẹ̀wù mi, kí n lè jọ ẹni tó ṣiṣẹ́. Ẹ wo irú olè yìí.

Ìyẹn ò tíì jẹ́ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù kí àyà mi tó já. Bíréèkì kan wà lọ́wọ́ èmi tí mo wà lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ló so ó síbẹ̀, ó ní kí n máa fi ran òun lọ́wọ́ bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ní Sátidé kan, oòrùn mú, ìdí ń ro mí, mo sì fẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá ohun mímu dípò ká gun òkè gíga tó wà lẹ́yìn abúlé rẹ̀. Bí mo bá ní ó rẹ̀ mí, Ẹsẹ̀ Irin tẹ́ nìyẹn. Ni mo bá rọra ń fún bíréèkì náà bí a ṣe ń gun òkè lọ. Mi ò fún un púpọ̀. Ó kàn tó kí Ẹ̀gbọ́n rò pé ilẹ̀ ló ń fa òun sẹ́yìn.

Ó wà á, ó wà á, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ní àárín òkè, ó dúró. Ó jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wo orúnkún rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni. Ó ní, "Télọ̀, ó ti tán. Bó ṣe mú bàbá mi náà nìyí. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀, ó wá kan ọwọ́, ó wá kan..." Kò lè parí rẹ̀. Mo rí omi lójú rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, àmì bíréèkì ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi! Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo gbé ọwọ́ kan náà lé e léjìká, mo ní, "Ẹ gba kámú, Ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ orí ni. Gbogbo wa la máa dàgbà." Ẹnu yìí ló sọ ọ́, ilẹ̀ ò sì lanu gbé mi mì.

Kò pẹ́ tó fi ra ọ̀pá. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ní dókítà kàn ń ṣàánú òun ni. Ó ní òun máa ta ayùn òun. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yan pákó tí wọ́n máa fi kan pósí òun, nítorí kò fọkàn tán iṣẹ́ káfíńtà míì. Ìyàwó mi ń sunkún nínú kíṣìnnì, "Bọ̀dá mi ń lọ o! Ẹni tó tọ́ mi dàgbà ń lọ! Ọkọ mi, ẹ̀yin tí ẹ lágbára, ẹ bá mi gbé e jáde kí ara rẹ̀ lè yá." Ẹ̀yin tí ẹ lágbára! Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ, síbẹ̀ mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ tí èmi àti ìyàwó mi lọ kí i, a bá a lórí ìdùbúlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀, tépù lọ́wọ́. Ó ní, "Télọ̀, o ṣeun tó o wá. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń wọn èèyàn. Bá mi di ìdí tépù yìí mú níbi àtẹ́lẹsẹ̀." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n wọn òun náà, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ẹsẹ̀ tí kò wa nǹkan kan, omi adágún, bíréèkì. Ìyàwó mi pariwo, "Ẹ ṣe kí ni?" Ẹ̀gbọ́n dìde láìmú ọ̀pá, ó gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni-méjì náà síta, ó gùn ún lọ lóun nìkan.

A dúró lójú títì títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyàwó mi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bí nǹkan bá ṣe é, ẹ̀yin lẹ máa wọ pósí yẹn." Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé, ẹrẹ̀ ti kún irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń gbá itan ara rẹ̀ gbà, gbà. "Mo gun òkè yẹn! Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún padà gùn ún! Ẹsẹ̀ mi wà ńbẹ̀!" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó sún sẹ́yìn.

Kò nà mí, kò bú mi. Ó rọ iyanrìn sínú àpò kan, ó so ó mọ́ ìjókòó tí mo máa ń jókòó lé, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì wúwo bákan náà, àmọ́ eléyìí kì í di bíréèkì mú." Àpò yẹn ló ń gbé kiri báyìí. Ìyá ohun mímu ti ń kí àpò náà kú àárẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n rán aṣọ òjò fún un, mo sì rán an. Ní Sátidé tó kọjá, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà igbó, wọ́n kọjá lójú mi, mo sì gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún àpò náà, èyí tí kò sọ fún mi rí. Mo jowú iyanrìn. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ wá jókòó sẹ́yìn òun, ẹ bá a wà á. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi bẹ Ẹ̀gbọ́n, kó da iyanrìn yẹn nù, kó jẹ́ kí n padà. Màá wà á. Bó bá sì rẹ̀ mí, màá pariwo pé ó rẹ̀ mí, gbogbo igbó á gbọ́.