Ọ̀rọ̀ "Ká Ní" Tí Mo Gbé Lọ Bá Màdáámù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti tó oṣù méje tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún ìyá mi. Tí mo bá jókòó, mo máa dìde. Tí mo bá gbé omi kaná, mo máa gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ títí á fi gbẹ. Ọkọ mi bi mí pé ṣé mo lóyún ni. Mi ò lóyún o. Ẹ̀rí ọkàn ló ń dà mí láàmú, ó sì di dandan kí n mọ ohun tí màá ṣe kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ kan ní Ìkejà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìgò oògùn. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Iṣẹ́ àwa obìnrin ni ká jókòó síwájú rọ́bà gígùn kan tó ń gbé ìgò kọjá lábẹ́ iná funfun, ká máa yọ èyí tó bá sán tàbí tó lábùkù. Láìnì la máa ń pè é. Ìgò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí èèyàn bá sín, mẹ́ta ti lọ.

Àǹtí Fali ni mo bá níbẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n ti lo ọdún méjìlá nídìí láìnì, àwọn ni wọ́n sì kọ́ mi níṣẹ́. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, tí ìyá mi ò lè wá, àwọn ni wọ́n ń ti Agége wá sí Ifàkọ̀ láàárọ̀ láti bá mi wẹ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mi ò san nǹkan kan. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo ṣe é sí.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá tuntun kan dé tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó ní àwọn máa yan lídà láìnì, ìyẹn ẹni tó máa ṣe olórí wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa ṣe é gbọ́dọ̀ lè sọ Gẹ̀ẹ́sì, òun fúnra òun ló sì máa bi wá ní ìbéèrè. Wọ́n gba tíṣà kan fún wa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tí a bá ti ṣíwọ́ ní aago mẹ́rin, a máa kóra jọ sí káńtíìnì. Ẹ wo àwa ìyá ọlọ́mọ pẹ̀lú ìwé eléwé ogójì lọ́wọ́.

Ọjọ́ kan ni tíṣà dé ibi tó pè ní second conditional. Ó ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ la fi ń sọ, bí ìgbà tí Yorùbá bá ní "ká ní". Ó kọ ọ́ sójú pátákó: If I had money, I would build a house. Ó ní ìyẹn ni pé, ká ní mo lówó ni, mi ò bá kọ́lé; owó ò sí, ilé náà ò sì sí. A rẹ́rìn-ín. A ní inú "ká ní" yẹn la ti ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Ó ní kí kálukú mú ẹnì kan, kí wọ́n jọ ṣe mẹ́wàá mẹ́wàá kó tó di kíláàsì tó ń bọ̀. Èmi ni Àǹtí Fali mú.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n fún wa láyè ká jẹun, àwa méjèèjì jókòó sórí páálí lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, a ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà. Tèmi ń jáde wéréwéré. If I were the president. If I had wings. Àǹtí Fali ò rí nǹkan kan sọ. Wọ́n ní, "Èmi ò mọ irọ́ í pa, jàre." Mo ní kì í ṣe irọ́, ohun tí ẹ ò ní tó wù yín ni kí ẹ sọ. Wọ́n wá rọra sọ ọ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: If I could see with my left eye, I would not fear this work.

Mo pàtẹ́wọ́ fún wọn. Mo ní ó dáa gan-an. Ìgbà tí mo wo ojú wọn ni mo rí i pé wọn ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Ojú òsì wọn ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ ń yẹ ojú wa wò, wọ́n fi ọwọ́ òsì bo ojú òsì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n pààrọ̀, wọ́n pààrọ̀ ọwọ́, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún bo ojú òsì yẹn kan náà. Èrò pọ̀ lórí ìlà, nọ́ọ̀sì ò fura. Risi ló ń jókòó sí apá òsì wọn nídìí láìnì, òun ló sì máa ń bá wọn mú ìgò tó bá fẹ́ yọ́ kọjá. Ọmọ agboolé wọn ni Risi, àwọn ni wọ́n mú un wá sí Èkó, inú ọgbà kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Wọ́n ní Risi nìkan ló mọ̀, èmi sì ni ìkejì. Wọ́n ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, àbúrò mi. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń rán Sádíà ọmọ mi níwèé." Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó burú nìyí.

Gbogbo èèyàn mọ̀ pé Àǹtí Fali ló máa di lídà. Gẹ̀ẹ́sì wọn ń dáa sí i, àwọn obìnrin sì fẹ́ràn wọn. Gẹ̀ẹ́sì tèmi dáa ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n ta ló ń wo tèmi? Ó ń bí mi nínú. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó ń bí mi nínú gidi. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọ̀gá bi wá ní ìbéèrè, mo lọ bá màdáámù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Mo ti há ohun tí màá sọ sórí láti ilé. Mo ní tó bá jẹ́ pé ẹnì kan nínú wa ò fi ojú kan ríran, kí ni ilé iṣẹ́ máa ṣe? Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, if àti would rẹ̀ pé pérépéré. Màdáámù gbé bírò kalẹ̀. Wọ́n ní ta ni? Mo ní àpẹẹrẹ lásán ni, Mà, ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì ni.

Mi ò dárúkọ. Mo ti sọ èyí fún ara mi tó ìgbà ẹgbẹ̀rún: mi ò dárúkọ. Mo tún máa ń sọ fún ara mi pé ọmọ aláìsàn ló ń mu oògùn inú ìgò yẹn, pé àfọ́kù lè wà nínú ẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ torí ọmọ aláìsàn ni, kí ló dé tí mo dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yan lídà? Torí ipò ni. Mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, mo sì mọ̀ ọ́n báyìí.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n yẹ ojú gbogbo wa wò. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò lo ọwọ́ mọ́. Aṣọ dúdú ni nọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ so mọ́ ojú kọ̀ọ̀kan. Mo wà lórí ìlà lẹ́yìn Àǹtí Fali. Nígbà tí nọ́ọ̀sì di ojú ọ̀tún wọn, wọn ò rí ẹyọ lẹ́tà kan kà lára ògiri. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi gba lẹ́tà pé kí wọ́n máa lọ sílé. Èmi ni mo bá wọn gbé báàgì dé géètì. Mo sunkún, ẹkún náà kì í ṣe ti ẹ̀tàn, ẹ bá mi gbà á gbọ́. Wọ́n tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Mo di lídà láìnì.

Ó hàn sí gbogbo èèyàn pé ẹnì kan ló lọ sọ, Risi sì ni gbogbo ẹ̀bi já lé. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó ti bínú sọ fún Àǹtí Fali pé ojú yín yìí máa kó bá wa lọ́jọ́ kan. Ohun tí wọ́n rántí nìyẹn. Risi fi Kùránì búra, wọ́n ní ẹnu olè ló ń búra jù. Ó kó jáde nínú ọgbà yẹn. Àwọn ará ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò gbé ìpè ẹ̀ mọ́. Nídìí láìnì, olófòófó ni wọ́n ń pè é. Ìṣojú mi ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, èmi lídà wọn, màá sì máa wo ìgò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Risi mú lẹ́tà wá fún mi pé òun ò ṣe mọ́. Ó ní orúkọ yẹn ti sú òun. Ọjọ́ Jímọ̀ yìí ló fẹ́ lọ. Lẹ́tà náà ṣì wà nínú báàgì mi, mi ò tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Àǹtí Fali ńkọ́? Aṣọ ni wọ́n ń fọ̀ fún èèyàn báyìí. Ilé ìwé kan ní Onígbòǹgbò fẹ́ gbà wọ́n kí wọ́n máa tọ́jú ọmọdé, wọ́n sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n ní ìbéèrè. Ta ni wọ́n ní kó wá máa kọ́ àwọn? Èmi ni. Mo ń lọ ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀rù ń bà mí láti lọ, ẹ̀rù tún ń bà mí láti má lọ.

Sátidé tó kọjá, a padà sórí second conditional. Ọ̀rọ̀ Risi ló jáde. Wọ́n ní ọmọ náà ṣì ń ránṣẹ́ pé òun kọ́. Wọ́n ka àwọn tó mọ̀ lórí ìka: Risi ọ̀kan, èmi ìkejì. Wọ́n wá gbójú sókè, ojú ọ̀tún wọn wà lára mi. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí, wọ́n lu èjìká mi. Wọ́n ní àwọn ti rí èyí tí àwọn máa sọ, kí n gbọ́ bóyá ó tọ̀nà.

If it were you, you would tell me.

Mo ní ó tọ̀nà, Àǹtí mi. Mo mú bírò pupa, mo máàkì í fún wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn, ọjọ́ Jímọ̀ ò jìnnà mọ́. Tí mo bá sọ ọ́, mo ti pàdánù Àǹtí Fali nìyẹn, mi ò sì mọ ojú tí ọkọ mi á fi máa wò mí. Tí mi ò bá sọ ọ́, Risi á fi orúkọ tó jẹ́ tèmi lọ. Báwo ni èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ fún mi. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá tí mo gbọ́, mi ò rí i.